Aago Tí Ọkọ Mi Dá Padà

Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn ti ògiri dáadáa kí n tó sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ aago kì í ṣe ohun tí à ń kánjú sọ. Ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí "ó" ni màá máa lò. Bí mo bá ní "wọ́n lọ, wọ́n bọ̀," ẹni tí kò mọ̀ wá lè rò pé ọkọ méjì ni mo fẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan yìí gan-an ti tó mi.

Aago ni ó ń tún ṣe. Ìsọ̀ onípákó kan ni ó ní ní Fájuyì, nílùú Adó wa níbí, tí kò fẹ̀ ju ilé adìẹ lọ, tí wọ́n fi gíláàsì ṣe iwájú rẹ̀. Ẹ̀yìn gíláàsì yẹn ló máa ń jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, pẹ̀lú awò kékeré tí ó há sí ojú ọ̀tún, tí àwọn tó ń kọjá yóò sì máa wò ó bí ẹni ń wo búrẹ́dì tí wọ́n pàtẹ.

Ó ní àṣà kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Bí ó bá tún aago ṣe tán, kò ní dá a padà lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò so ó mọ́, yóò sì gbé e rìn fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ó ní aago tó ń ṣiṣẹ́ lórí tábìlì kò tíì jẹ́rìí ara rẹ̀, àfi bí ó bá bá ènìyàn gun òkè, tó bá a fọ aṣọ, tó sì bá a bínú. Ìgbà mìíràn wà tí aago máa ń tò láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó wa pàápàá, aago méjì ló so, kò sì sí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú méjèèjì. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá ti pé, aago ń lọ bá ẹni tó ni ín nìyẹn. Bí ẹni náà kò bá wá, ọkọ mi yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a lọ, ì báà jẹ́ ní ìlú Ìyìn.

Kí aago oníkálukú má baà dàpọ̀, ó máa ń so páálí pélébé mọ́ ọn. Èmi tí mo jẹ́ tíṣà ni mò ń gé páálí náà lára ẹ̀yìn ìwé àlòkù àwọn ọmọ iléèwé, èmi náà ni mo sì ń kọ ọ́, nítorí ìwé ọwọ́ ọkọ mi dà bí ibi tí adìẹ ti wá kòkòrò. Màá kọ iṣẹ́ ẹni tó ni aago àti ìlú rẹ̀. Bí aago náà bá ṣì wà lẹ́nu ìtọ́jú, màá kọ "Kò tíì yá" sí ìsàlẹ̀. Bí ó bá parí, màá fa ìlà gba orí ìyẹn, màá kọ "Ó ti yá." Bí páálí bá ní aago kan kò tíì yá, ọba kò lè gba aago náà lọ́wọ́ ọkọ mi. Èyí tí kò bá ní páálí, ọjọ́ mẹ́ta ni òfin rẹ̀.

Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló padà dá wa lóró.

Ìgbàgbé tó mú ọkọ mi kò pariwo wọlé. Orúkọ àwọn ènìyàn ló kọ́kọ́ kó lọ, lẹ́yìn náà ló kó ọjọ́ ọ̀sẹ̀. A ti ìsọ̀ pa, a gbé àpótí aago wálé. Dókítà ní àìsàn ọpọlọ ni, pé kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà, kí a má wulẹ̀ da ara wa láàmú kiri. Mo rò pé mo ti gbà, títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí mo wọ pálọ̀ tí ọkọ mi dìde fún mi bí ẹni rí àlejò.

"Ẹ káàsán, mà. Ta lẹ ń wá?"

Mo ní, "Ibí ni mò ń gbé."

"Ó dáa. Ẹ jókòó. Ìyàwó mi máa tó dé. Tíṣà ni."

Mo jókòó. Mo ní, "Irú ènìyàn wo ni ìyàwó yín?"

Ó wo ẹ̀yìn wò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ènìyàn dáadáa ni. Ó kàn máa ń sọ̀rọ̀ jù."

Mo bá a yodì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé ohun tó sọ, ó tún ń pè mí ní Tíṣà bó ṣe máa ń pè mí, ó ń béèrè oúnjẹ. Odì tí ẹni tí à ń bá yan án kò mọ̀, iṣẹ́ òfò ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ló sọnù. Ó jáde láàárọ̀, kò padà, ìrọ̀lẹ́ ni ọlọ́kadà kan gbé e wá láti ọ̀nà Ìyìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú bí iṣu. Ọmọ wa obìnrin, ẹyọ kan ṣoṣo tí a bí, Àbújá ni ó ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe níbẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù, kò kígbe, ohùn tó rọ̀ ló fi sọ ọ́, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù.

"Mọ́mì, bí Dádì bá tún sọnù lẹ́ẹ̀kan péré, mò ń bọ̀ wá gbé wọn nìyẹn."

Mo ti dé ilé rẹ̀ rí. Ilé náà dára. Ó wà ní àjà kẹta, ilẹ̀kùn irin kan wà lẹ́nu ọ̀nà, òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú fèrèsé sì ni ènìyàn ti ń kí aládùúgbò bí aládùúgbò bá fẹ́ jẹ́. Ọkọ mi tó ti fi ẹsẹ̀ wọn gbogbo Adó láti Adébáyọ̀ dé Fájuyì, bí wọ́n bá gbé e lọ síbẹ̀, ìrìn ni yóò kọ́kọ́ gbàgbé. Èmi ni yóò gbàgbé tẹ̀lé e. Mo bẹ ọmọ mi títí. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n òun yóò fi aago kan ránṣẹ́.

Aago náà dé, ó dúdú, okùn rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, kò ní ọwọ́ tó ń yí, nọ́ńbà ni ó ń tàn. Ọmọ mi jókòó sójú fóònù ní Àbújá, ó ń kọ́ mi bí ẹni kọ́ ọmọ jẹ́léósinmi. Àwòrán ìlú Adó yọ lórí fóònù mi, àmì róbótó aláwọ̀ búlúù kan sì wà láàárín rẹ̀. Ó ní àmì yẹn ni Dádì. Ibi tí Dádì bá lọ, ibẹ̀ ni yóò lọ. Ó fa òbìrí kan yíká ilé wa ní Adébáyọ̀ títí kan Fájuyì, ó ní bí Dádì bá ti jáde nínú òbìrí yìí, fóònù èmi àti tòun yóò ké lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún ní òun lè pe aago náà láti Àbújá, kí òun sì bá bàbá òun sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù, Mọ́mì. Okùn yìí kò ṣeé tú. Wọ́n mọ̀ pé àwọn àgbàlagbà lè fẹ́ tú u."

Mo ní ó dáa. N kò rán an létí iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ fi rán an níwèé.

Ọkọ mi há awò sójú, ó yí aago náà síwá sẹ́yìn. "Ta ló gbé èyí wá?"

"Ọmọ yín ni."

"Kí ló ń ṣe é?"

Ibí yìí ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. Mo ní, "Kò sí ohun tó ń ṣe é."

Ó mi orí. "Á jẹ́ pé ó ti yá. Ó ku ká gbé e rìn." Ó sì na ọwọ́ sí mi kí n so ó mọ́ ọn. Inú mi dùn. Mo pe ọmọ mi, mo ní Dádì rẹ kò bá mi jà rárá.

Bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago náà. Wọ́n ní ẹni tó bá wà nínú ewu ni kó tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n fún ọkọ mi, ohun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago, yíyí ni wọ́n ń yí i láàárọ̀ kí aago lè rí agbára lò títí ọjọ́ yóò fi lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bó ṣe jí, tó gbàdúrà tán, ó mú bọ́tìnì náà, ó ń lọ́ ọ, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀. Láìpẹ́, ohùn ọmọ mi bú jáde lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dádì. Dádì, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé ẹ ṣubú ni?"

Ọkọ mi gbé aago sétí. Ó gbé e kúrò, ó wò mí. "Tíṣà, aago yìí ń sọ̀rọ̀."

"Ọmọ yín ni."

"N kì í tún èyí tó ń sọ̀rọ̀ ṣe. Ọ̀dọ̀ onírédíò ni kí wọ́n gbé e lọ."

"Dádì, ṣé ẹ ti jẹun?"

Ó dá a lóhùn pé, "Aago, kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, ọkọ mi ń yí aago, ọmọ mi ń ta jí ní Àbújá. Mo ní kó fara balẹ̀, pé bàbá rẹ̀ kò sí nínú ewu kankan, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ọjọ́bọ̀ ló di ọjọ́ kẹrin. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń ṣa ẹ̀wà, fóònù wà lórí itan mi. Mo ti gbẹ́kẹ̀ lé àmì búlúù yẹn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi wo ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ mọ́. Bí mo bá ti rí àmì nínú òbìrí, ọkàn mi a balẹ̀. Àfi bí fóònù ṣe figbe ta. Mo wò ó, àmì ti kọjá òbìrí, ó ń sáré lọ lójú ọ̀nà Ìyìn. Mo dìde, ẹ̀wà dà nù. Mo sáré dé iwájú ilé, àga ọkọ mi ṣófo, sálúbàtà rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ọmọ mi ti pè. "Mọ́mì, Dádì ti kúrò."

"Mo ti rí i."

"Wọ́n wà nínú mọ́tò. Mọ́mì, ẹ ti mọ ohun tí mo sọ."

Mo mọ ohun tó sọ. Mo sáré wọ ilé kejì, níbi tí Alájì ti ń ránṣọ. Ará Ọ̀fà ni Alájì, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Adó débi pé àwọn ará Ọ̀fà ń pè é ní ará Èkìtì. Òun àti ọkọ mi jọ pàtẹ ní Fájuyì kí n tó dé, nítorí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ìyàwó ló ń pè mí. Ó ní mọ́tò kan tí kò fẹ́ràn òkè.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti tún sá lọ fún yín?"

"Alájì, ẹ dákun, ẹ gbé mọ́tò."

Ó gbé e. Aṣọ tó ń rán ṣì wà ní ọrùn rẹ̀, tẹ́ẹ̀pù tó fi ń wọn aṣọ rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi wà lórí fóònù, ó ń darí wa láti Àbújá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tètè dé. Bó bá ní kí a yà sí òsì, a ti kọjá òsì náà tipẹ́.

Alájì ní, "Ọmọ yìí dà bí ìyá rẹ̀. Ìgbà tí a bá ti ṣe nǹkan tán ló ń sọ bí a ṣe ń ṣe é."

Nígbà tó yá, ọmọ mi ní àmì ti dúró. Ó ní kí a dákẹ́, òun fẹ́ pe aago. A ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́nà jíjìn bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù kejì. Lẹ́yìn náà ó padà sọ́dọ̀ wa.

"Mọ́mì, mo ní kí wọ́n dúró, wọ́n ní àwọn dúró. Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ní àwọn ń wa ẹ̀gẹ́."

"Kí ni?"

"Ẹ̀gẹ́, Mọ́mì. Dádì wà lóko olóko, wọ́n ń wa ẹ̀gẹ́ wọn."

 Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkọ mi, kò wa kókò kan rí. Ó máa ń ní ọkọ́ àti àdá yóò ba ọwọ́ òun jẹ́ fún iṣẹ́ aago.

Ọmọ mi ní, "Ohùn wọn pàápàá ti yí padà. Ìjìnlẹ̀ Èkìtì ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀ ní ulé bí àwọn bá ti kún apẹ̀rẹ̀ tán. Mọ́mì, àìsàn náà ti le sí i."

Alájì wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. "Àìsàn tó ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́ oko, ó yẹ kó ran àwọn ọmọ tèmi."

A fi mọ́tò sílẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti há, a fi ẹsẹ̀ rìn dé oko náà ní ẹ̀bá Ìyìn. Bàbá àgbẹ̀ kan ló dìde láàárín ebè, orí rẹ̀ funfun, ẹ̀gẹ́ wà lọ́wọ́ òsì, aago dúdú ọmọ mi sì wà lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún.

Ó ní, "Aya Bàbá Aago. Ẹ kú ìrìn o."

Mo ní, "Bàbá, ibo lẹ ti rí aago yìí?"

"Ọkọ yín mà ló dá a padà fún mi. Mo ti gbé aago fún un tún ṣe nígbà kan, kó tó ti ìsọ̀ pa. Mo ti gbà pé ó ti lọ. Láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ wọ mọ́tò ní Fájuyì, àfi bí ẹnìkan ṣe fà mí lápá. Ó ní, 'Àgbẹ̀ Ìyìn, aago rẹ ti yá.' Ó tú u lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó so ó mọ́ tèmi. Mo ní tèmi kò dúdú báyìí. Ó ní, 'Ọjọ́ ti pẹ́.' Ṣé kí n wá máa bá a jiyàn lójú títì ni?"

Alájì ní, "Ẹ̀yin náà sì gbà á."

"Mo gbà á. Àfi pé ó ń bá mi wí láti ìgbà tí mo ti dé oko. Ó ní kí n dúró, mo dúró. Ó ní kí n lọ sábẹ́ ìbòòji, mo lọ. Ó ní ṣé mo ti lo oògùn mi, mo ní n kò ní oògùn, ló bá ń sunkún. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, kò sẹ́ni tó ṣìkẹ́ mi tó báyìí."

Ohùn ọmọ mi ti inú aago jáde lọ́wọ́ bàbá náà. "Mọ́mì, ta nìyẹn? Dádì dà?"

Ẹ̀rín ti fẹ́ pa mí, àfi bí mo ṣe rántí pé ọkọ mi kò sí níbẹ̀. Gbogbo wa ti sáré tọ aago wá, a fi ènìyàn sílẹ̀. Bàbá àgbẹ̀ rí ojú mi, ó ń tú okùn náà, kò sì ṣeé tú fún un lóòótọ́, Alájì ló fi abẹ́rẹ́ tó gún mọ́ àyà aṣọ rẹ̀ ṣí i.

"Ọkọ yín ní òun ń padà sí ìsọ̀ òun," ni bàbá náà wí. "Ó ní èrò ń dúró de òun."

A padà sí Adó. Èmi ló gbé aago náà, ọmọ mi kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, ẹkún ló ń sun sí mi lọ́wọ́ láti ibẹ̀ títí dé Fájuyì.

Obìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ló ti gba ìsọ̀ ọkọ mi. Ọkọ mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awò wà lójú rẹ̀, ó ń wo inú fóònù kan tí wọ́n ti tú palẹ̀. Ó gbé orí sókè.

"Tíṣà, ta ló ń lé ọ?"

 Mo fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Obìnrin náà dìde, ó kúnlẹ̀.

"Mà, mo rò pé ẹ mọ̀. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń wá láti bí ọjọ́ mẹ́rin. Bí wọ́n bá ṣe díẹ̀, wọn a ní ìyàwó àwọn yóò máa wá àwọn, wọn a sì lọ. Wọ́n ní kí n máa gbé fóònù oníbàárà rìn fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó dá a padà. Mo ní bí mo bá dán an wò, ọlọ́pàá ni yóò bá mi rìn."

Ọkọ mi ní, "Ó ní ọwọ́ tó dáa. Sùúrù ni kò ní."

Ọmọ mi dé ní Sátidé, pẹ̀lú báàgì tuntun tó rà fún bàbá rẹ̀. Ó ti pinnu. Mo ro ẹjọ́ títí, mo sọ pé ọ̀nà kò sọnù mọ́ ọn, pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló lọ. Ó ní, "Mọ́mì, wọ́n fún àgbẹ̀ ní aago. Lọ́la, ó lè jẹ́ ilé ni wọn yóò fún un." Ó ṣí àpótí aago, ó ń wá káàdì ilé ìwòsàn tí mo fi pamọ́ síbẹ̀. Dípò káàdì, aago kan ló fà jáde, aláwọ̀ sílífà, òkú ọwọ́ rẹ̀ dúró sí ibì kan. Páálí wà lára rẹ̀, ìwé ọwọ́ mi ni, íǹkì ti ṣá: *Àgbẹ̀, Ìyìn. Ó ti yá.*

Ọmọ mi kà á, ó tún un kà.

Ó ní, "Wọ́n mọ ẹni tó ni aago."

Mo ní, "Wọ́n mọ̀ ọ́n. Aago ẹlòmíràn ni wọ́n ṣèèṣì mú fún un."

Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò mọ ọmọ mi, orí rẹ̀ le. Ó ní èyí kò yí nǹkan padà, lọ́la ni àwọn ń lọ. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni bàbá rẹ̀ wọlé. Ó kí i pé ẹ kú ilé, mà. Ojú rẹ̀ kò dúró lójú ọmọ, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ló dúró sí. Aago kékeré aláwọ̀ wúrà kan wà níbẹ̀, èyí tí ọkọ mi fún un nígbà tó ń lọ sí yunifásítì. Ó ti kú láti ìgbà pípẹ́, ẹ̀ṣọ́ lásán ló fi ń ṣe.

"Mà, aago yín kò ṣiṣẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì."

Ó na ọwọ́. Ọmọ mi tú u fún un. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó há awò sójú, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Ọwọ́ tó ti gbàgbé ibi tí bọ́tìnì ẹ̀wù wà kò gbọ̀n rárá. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ kán òróró sí i, ó dé e padà, ó yí i. Ó gbé e sí etí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì so ó mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Okùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó o.

"Ọjọ́ mẹ́ta," ló wí.

"Dádì, ọ̀la ni mò ń lọ."

"Ẹ lè lọ. Aago kò lọ."

Báyìí ni ọmọ mi ṣe pe ibi iṣẹ́ rẹ̀, tó tọrọ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń bá bàbá rẹ̀ rìn láàárọ̀. N kò tẹ̀ lé wọn. Ó dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní obìnrin tó ń ta àkàrà kí Dádì, ọlọ́kadà kí i, onífóònù ti fi àpótí sílẹ̀ dè é, Alájì sì ti ń fi ojú sìn ín láti ojú fèrèsé bí ó ṣe ń ránṣọ. Ó ní ní Àbújá, kò sí ẹni tó mọ orúkọ òun ní àjà kejì tó wà lábẹ́ tòun. N kò fèsì. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ jù, mo fẹ́ fi ọjọ́ yẹn sinmi.

Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ mi jáde sí pálọ̀, ó ti wọ agbádá. Ó tú aago kékeré náà, ó fi áńkáṣíìfù nù ún, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọmọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Wọ́n ní Àbújá lẹ ń lọ. Ọmọ mi obìnrin kan wà níbẹ̀, òun ló ni ín. Ẹ bá mi fún un. Ẹ ní kó máa yí i láàárọ̀, kó má jẹ́ kó kú mọ́."

Ọmọ mi kúnlẹ̀, ó gbà á. 

"Màá jẹ́ iṣẹ́ yín, sà."

Òun nìkan ló lọ. Báàgì tuntun yẹn, mo kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gàárì sínú rẹ̀ fún un, nítorí báàgì kì í ti Adó padà sí Àbújá lófìfo. Kó tó wọ mọ́tò ló béèrè lọ́wọ́ mi bí a ó ṣe ṣe é tí bàbá kò ní tún fi aago dúdú náà ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Mo wọlé, mo gé ẹ̀yìn ìwé àlòkù kan, mo kọ ọ́ bí mo ṣe máa ń kọ ọ́ látijọ́, mo sì so ó mọ́ okùn rọ́bà náà: *Òṣìṣẹ́ ìjọba, Àbújá. Kò tíì yá.*

Ọkọ mi kà á. Ó mi orí. Aago náà kò tíì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ náà, n kò sì ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé mọ́, iwájú ilé ni mo ti ń ṣa á, níbi tí mo ti lè rí àga rẹ̀.

Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, yóò gbàdúrà tán, yóò mú bọ́tìnì, yóò lọ́ ọ. Ọmọ mi kì í bẹ̀rù mọ́, ó ti ń dúró dè é. "Dádì, ẹ káàárọ̀. Aago ti dé ọwọ́ ọmọ yín o, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa." Ọkọ mi yóò gbọ́ ọ títí dé ìparí. Lẹ́yìn náà, yóò yẹ páálí wò, yóò sì yíjú sí mi bí oníṣẹ́ ọwọ́ ti í ṣe àlàyé fún ẹni tó ń kánjú.

"Tíṣà, kò tíì yá. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀."